Community College: Ta Ló Yẹ Kó Lọ, Ta Ni Kò Yẹ Kó Lọ?

Bí oṣù Kẹta bá ń parí lọ ní Amẹ́ríkà, tí lẹ́tà àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àríyànjiyàn kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Houston, ní Chicago, ní Brooklyn àti ní àwọn ìlú Maryland tó wà lẹ́bàá Washington. Ọmọ ti rí yunifásítì wọ̀, àmọ́ iye owó tó wà nínú lẹ́tà náà ti gba oorun lójú òbí. Olùkọ́ kan nílé-ìwé girama wá gba ọmọ náà níyànjú pé kó kọ́kọ́ lo ọdún méjì ní community college. Ìyá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń san owó ilé àti owó mọ́tò, ó sì mọ ohun tó kù lọ́wọ́. Bàbá fárígá. Ó ní òun kò kó ẹbí òun sọdá òkun kí ọmọ tó ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá lọ jókòó sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá bá sì pè láti Ìbàdàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi wọ́n ni orúkọ yunifásítì tí ọmọ ń lọ.

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, orúkọ náà sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe láyé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí yíká, ó dá mi lójú pé ibòmíràn ló yẹ kí ìjà náà wà. Ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, bí n ó ṣe máa pè é, kò le rárá. Ọ̀nà àbájáde ni gbogbo ìpinnu náà dúró lé. Ẹni tó mọ ibi tí òun yóò gbà jáde kó tó wọlé lè jèrè púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àfàìmọ̀ kó má lo ọdún mẹ́rin sórí iṣẹ́ ọdún méjì, kó sì jáde láìní ohun tó wá gbà.

Ní ọdún 1901, William Rainey Harper, ààrẹ Yunifásítì Chicago nígbà náà, àti J. Stanley Brown, tó ń darí ilé-ìwé girama ìlú Joliet ní Illinois, fìmọ̀ ṣọ̀kan láti máa kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà ní ẹ̀kọ́ ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì láìjẹ́ pé wọ́n kúrò nílé òbí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Joliet Junior College ṣì wà títí di òní, òun ló sì pẹ́ jù lọ nínú irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń padà bọ̀ wálé, tí òfin ọdún 1944 sì fún wọn lówó láti kàwé, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman gbé kalẹ̀ sọ nínú ìjábọ̀ ọdún 1947 pé kí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ní 1960, California pín ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì fi kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ṣe ẹnu ọ̀nà tí kò tì mọ́ ẹnikẹ́ni. California nìkan ní 116 nínú wọn lónìí. Àpapọ̀ gbogbo Amẹ́ríkà lé ní 1,000.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ pé oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni ẹ̀kọ́ ọdún méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé lọ sí yunifásítì láti fi parí dígírì. Èkejì ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́, bíi nọ́ọ̀sì, yíya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn, ìtọ́jú eyín, títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, àti ààbò kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí kúkúrú tí a lè gbà láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ inú ilé wa wá láti inú pé a máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a ó sì máa bèèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò “dára” bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni.

Ẹni tó bá ti gba NCE tàbí OND ní Nàìjíríà, tó sì fi Direct Entry wọ yunifásítì ní ipele 200, ti mọ bí ọ̀nà àkọ́kọ́ yìí ṣe rí. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa ìbẹ̀rù tí àwọn bàbá wa ń gbé káàkiri. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sáàárín HND àti BSc nílé ti fi ìwọ̀sí kan ọ̀pọ̀ ẹni tó gba pólì kọjá. Wọ́n rí ọ̀rẹ́ wọn tó mọṣẹ́ jù wọ́n lọ tí kò rí ìgbéga nítorí irú ìwé tó mú dání. Ìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n fi ń wo kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá parí dígírì rẹ̀ ní yunifásítì, orúkọ yunifásítì náà ló máa wà lára ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí ohunkóhun lára ìwé náà tó máa sọ pé ibòmíràn ló ti ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí bàbá fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí sílẹ̀, kó wá bèèrè bóyá ọmọ náà máa dé ibi ìwé ẹ̀rí yẹn.

Owó ni ìdí tó lágbára jù tí àwọn ènìyàn fi ń lọ síbẹ̀. Bí College Board ṣe ṣírò rẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, owó ilé-ìwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ìjọba jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 4,050 lọ́dún fún ẹni tó ń gbé lágbègbè náà. Ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ẹni, ó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 11,610, ti aládàáni sì lé ní 43,000. A ò tíì ka ilé gbígbé àti oúnjẹ, èyí tí ọmọ tó ń ti ilé òbí rẹ̀ lọ kò ní san fún ilé-ìwé. Ẹ̀bùn owó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pell Grant tún wà fún ẹbí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí kì í ṣe gbèsè. Iye tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́dún 2024 sí 2025 jẹ́ dọ́là 7,395, èyí tó ju owó kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò lọ, tí ìyókù fi lè ra ìwé kó sì san owó ọkọ̀. Tennessee tilẹ̀ ti ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015.

Ibi tí àwọn òbí wa ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n máa ń fi owó tó wà nínú ìwé ìpolówó wé ara wọn. Owó tó yẹ ká fi wéra ni èyí tí ẹbí máa san lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀bùn bá ti kúrò níbẹ̀. Harvard kéde ní 2025 pé ẹbí tí owó ọdún rẹ̀ kò ju dọ́là 100,000 lọ kò ní san ohunkóhun, títí kan ilé àti oúnjẹ. Àwọn yunifásítì aládàáni mìíràn tó lówó náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà wọn kò dọ́gba. Bí ọmọ yín bá rí irú ibẹ̀ wọ̀, tí ẹ̀bùn náà sì pé, kíkọ̀ ọ́ nítorí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò “kò wọ́n” jẹ́ àdánù ńlá. Bákan náà, yunifásítì ìpínlẹ̀ tó fi ẹ̀bùn gidi kún lẹ́tà rẹ̀ lè súnmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò lówó ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀, ránṣẹ́, ẹ dúró de lẹ́tà ẹ̀bùn, kí ẹ tó jà.

Ẹni tó ní gírín káàdì lè gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà á, owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ju ti ọmọ àdúgbò lọ ní ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí òfin fún un láyè láti ṣe kò ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń ta ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú láti rán ọmọ wá kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, pẹ̀lú ìrètí pé ọmọ yóò máa ṣiṣẹ́ san owó tó kù. Ìṣirò yẹn kò bá òfin mu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìpínlẹ̀ mìíràn náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń fẹ́ kí ènìyàn ti gbé ọdún kan níbẹ̀ kí wọ́n tó gba owó ọmọ onílùú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àbájáde tí mo ní gbogbo ìpinnu dúró lé.

Nínú àwọn tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, nǹkan bíi 8 nínú 10 ló máa ń sọ pé yunifásítì ni àwọn ń lọ níkẹyìn. Ìwádìí tí Community College Research Center ti Yunifásítì Columbia, Aspen Institute àti National Student Clearinghouse gbé jáde ní 2024 tọpa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò fún ọdún mẹ́fà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kọjá sí yunifásítì. Nínú àwọn tó kọjá, nǹkan bí ìdajì ló gba dígírì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: nínú 100 tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi 16 ló di onídígírì yunifásítì láàárín ọdún mẹ́fà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé irú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síbẹ̀ ló fa èyí, pé ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ọmọ, wọ́n sì ń kàwé díẹ̀díẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í gba ẹ̀kọ́ tó kún sẹ́mẹ́sítà. Ṣùgbọ́n Bridget Terry Long àti Michal Kurlaender gbìyànjú láti fi irú kan wé irú kan ní Ohio, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2009: ọmọ tí ìmúrasílẹ̀ àti ìfẹ́ rẹ̀ jọra, tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tí èkejì bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ṣì kéré nínú àwọn tó gba dígírì. Nǹkan kan wà lójú ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ tó ń jẹ àwọn ènìyàn.

Burton Clark, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti tọ́ka sí apá kan rẹ̀ láti 1960, nígbà tó wo irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ kan ní San Jose. Ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ ń ni lára. Wọ́n á rọra bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á rọra darí rẹ̀ sí nǹkan tó kéré sí èyí tó bá wá, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi gbà pé èyí náà tó. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tó wọlé ní orúkọ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó di ọ̀rọ̀ ìṣòwò, tó wá di pé “mo ṣì ń wò ó ná”, yóò mọ ohun tí Clark ń sọ.

Apá kejì ni kírẹ́díìtì, èyí ló sì ń dùn mí jù nítorí pé ó ṣeé yẹra fún. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó, GAO, sọ ní 2017 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pààrọ̀ ilé-ìwé láàárín 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bíi 43 nínú 100 àwọn kírẹ́díìtì wọn. Iye yẹn kó gbogbo irú ilé-ìwé pọ̀. Fún àwọn tó kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ìjọba lọ sí yunifásítì ìjọba, ó dín kù sí nǹkan bíi 22. Ìyẹn náà kò kéré: nínú ọdún méjì, ó ku díẹ̀ kó tó ìdajì ọdún iṣẹ́ àti owó.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Yunifásítì lè sọ pé òun gba gbogbo kírẹ́díìtì ọmọ, síbẹ̀ kí ó má kà wọ́n kún iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, tó gba físíìsì tí kò lo kálíkúlọ́ọ̀sì nítorí pé òun ló bá àkókò iṣẹ́ rẹ̀ mu, yóò dé yunifásítì, wọ́n á kọ físíìsì náà sínú àkọọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ní kó lọ gba òmíràn. Ọmọ tó gba ìṣirò statistics níbi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ń fẹ́ kálíkúlọ́ọ̀sì yóò bá ara rẹ̀ nínú ìṣòro kan náà. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un. Kò kàn sí ẹni tó bá a wo ìwé ẹ̀ka náà kó tó forúkọ sílẹ̀. Thomas Bailey, Shanna Smith Jaggars àti Davis Jenkins kọ ìwé kan lórí èyí ní 2015. Wọ́n ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kó ẹ̀kọ́ jọ lọ rẹpẹtẹ bí oúnjẹ nílé oúnjẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tọ́ka sí èyí tó wù ú, láìsí ẹni tó máa fi ojú ọ̀nà hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alámọ̀ràn kò tó nǹkan níbi púpọ̀, ẹnì kan á sì máa bójú tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ.

Pell Grant tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan náà ní òpin. Ìjọba kì í san án fún ẹnì kan ju iye sẹ́mẹ́sítà 12 lọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Kírẹ́díìtì tí kò wúlò ń jẹ nínú sẹ́mẹ́sítà wọ̀nyẹn, ọmọ á sì dé ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, níbi tí owó ti wọ́n, kó wá rí i pé ẹ̀bùn ti tán.

Ṣùgbọ́n àwọn ibi kan wà tí wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ wọ́n. Florida ti ní àdéhùn gbogbo ìpínlẹ̀ láti 1971, tí ẹ̀kọ́ kan náà sì ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé yunifásítì. Òfin kan ní California ní 2010 dá dígírì ọdún méjì pàtàkì sílẹ̀ tó ń fún ẹni tó gbà á ní àyè tó dájú ní California State University, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má jẹ́ ọgbà tó wù ú gan-an. Mẹ́fà nínú àwọn ọgbà University of California náà ń ṣe àdéhùn ìgbàwọlé ṣáájú. Berkeley, Los Angeles àti San Diego kò sí lára wọn. Ní Texas, ẹni tó bá parí kírẹ́díìtì 42 ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, yunifásítì ìjọba kankan níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní kó tún un ṣe. Ní Atlanta, Perimeter College ti di apá kan Georgia State University láti 2016. Ní Virginia, Northern Virginia Community College àti George Mason bẹ̀rẹ̀ ètò ADVANCE ní 2018, tí ọmọ ti ń mọ gbogbo ẹ̀kọ́ tó máa gbà ní ibi méjèèjì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó wà ní Maryland lè wo ARTSYS fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan yóò ka ẹ̀kọ́ kan sí.

Ẹ̀rí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù ti New York wá. City University of New York bẹ̀rẹ̀ ètò ASAP ní 2007 ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tó kún sẹ́mẹ́sítà. Wọ́n á san ohun tó kù nínú owó ilé-ìwé rẹ̀, wọ́n á ràn án lọ́wọ́ nínú owó ọkọ̀ àti ìwé, wọ́n á sì fún un ní alámọ̀ràn tó gbọ́dọ̀ máa rí déédéé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí MDRC fi ìbò yan ẹni tó máa wọ ètò náà kí wọ́n lè ṣe ìfiwéra tòótọ́, 40 nínú 100 àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló gba ìwé ẹ̀rí láàárín ọdún mẹ́ta. Àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ jẹ́ 22. Irú ọmọ kan náà ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ni. Ìtọ́jú tí wọ́n rí gbà ló yàtọ̀. Bí irú ètò yìí bá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ ń wò, ó yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bèèrè.

Fún àwọn àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìbéèrè náà yàtọ̀, ìdáhùn mi sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń sọ. Mildred Montag ní Teachers College, Columbia, ló darí ìdánwò ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọlọ́dún méjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ló sì di ilé rẹ̀. Ẹni tó gba dígírì ọdún méjì àti ẹni tó gba ti ọdún mẹ́rin ń jókòó sí ìdánwò kan náà, NCLEX-RN, ìwé àṣẹ kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Ìyá tó ti ń ṣe CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nílé àwọn arúgbó, tó ń fi òru ṣiṣẹ́, tó ń gbé ènìyàn tó wúwo jù ú lọ sókè sílẹ̀, lè gba ọ̀nà yìí di nọ́ọ̀sì pátápátá láìjẹ gbèsè tó máa bá a dọ́jọ́ ogbó. Nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ó lè parí ọdún tó kù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ìwòsàn mìíràn a sì máa bá a san nínú owó rẹ̀. Kó má dúró sí ọdún méjì o: àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń fẹ́ BSN, ìyẹn dígírì nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin, òfin New York ti ọdún 2017 sì ní kí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ gba BSN láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn wa kì í gbọ́ títí wọ́n á fi wọlé tán. Ilẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí sílẹ̀, àmọ́ ti ẹ̀ka nọ́ọ̀sì kò ṣí bẹ́ẹ̀. Àyè ibẹ̀ kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti ti kòkòrò àìfojúrí, kó sì gbà á dáadáa, nítorí ìdíje ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tún máa ń ṣe ìdánwò TEAS tàbí HESI. Ẹni tó bá gba C nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara nítorí pé ó ń ti ibi iṣẹ́ òru lọ sí kíláàsì lè pàdánù àyè náà pátápátá. Mo máa ń gba ẹni tó bá bi mí níyànjú pé kó dín wákàtí iṣẹ́ kù ní sẹ́mẹ́sítà yẹn, bó bá tiẹ̀ gba kí ẹbí fi garí àti ẹ̀wà ṣe oúnjẹ.

Nítorí ìdíje yìí ni àwọn kan fi ń sáré lọ sí àwọn ilé-ìwé aládàáni tó ń ṣèlérí pé kò sí ìdúró. Owó wọn ga gan-an ju ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba lọ, òmíràn kò sì ní láárí. Ní oṣù Kìíní 2023, ìjọba àpapọ̀ tú àṣírí àwọn ilé-ìwé kan ní gúúsù Florida tí wọ́n ti ta ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú tó lé ní 7,600. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé àṣẹ padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé-ìwé nọ́ọ̀sì kankan, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lójú ìwé Board of Nursing ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì wo iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń yege NCLEX. Wọ́n máa ń gbé e síta.

Ẹni tó ti ní BSc láti Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ sáré bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kó kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí irú ilé-iṣẹ́ bíi WES fún ìdíyelé. Àwọn yunifásítì kan ní ètò nọ́ọ̀sì kánkán fún ẹni tó ti ní dígírì kan, tí wọ́n ń parí láàárín bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Ó wọ́n jù, àmọ́ BSN ló ń fúnni. Ẹni tí owó ń há mọ́ lọ́wọ́ ṣì lè gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń bèèrè ṣáájú, kó tó wọ ètò yẹn.

Ọmọ tó fẹ́ di dókítà, mo rò pé kó má fi kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ṣe gbogbo sáyẹ́ǹsì rẹ̀ bó bá rí ọ̀nà mìíràn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan máa ń fẹ́ rí i pé ó ṣe dáadáa nínú sáyẹ́ǹsì yunifásítì náà. Ọmọ tó ṣì wà ní girama, tí ilé-ìwé rẹ̀ sì ní àdéhùn láti jẹ́ kó gba ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó gbà á. Èyí kò nílò àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ ilé ńkọ́? Ọmọ tó bá ti ilé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò máa ń di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń rán níṣẹ́. Òun ló máa gbé àbúrò lọ sí ilé-ìwé, òun ló máa lọ gbé àlejò ní pápá ọkọ̀ òfurufú, òun ló máa dúró de ẹni tó ń tún omi ṣe, nítorí lójú wa, kò “lọ sí yunifásítì”. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn kò ní gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ti yan ọ̀nà yìí, ẹ ka àkókò ìwé rẹ̀ sí àkókò iṣẹ́. Ẹ má sì pe ilé-ìwé rẹ̀ ní orúkọ yẹpẹrẹ lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Eileen Collins, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú space shuttle ní 1999, Corning Community College ní New York ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sí Syracuse. Jill Biden sì kọ́ni ní Northern Virginia Community College, kódà nígbà tó jẹ́ ìyàwó ààrẹ.

Bí ẹ bá wá béèrè ìdájọ́ mi, mo ní kí ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ní ìwé àṣẹ lọ, nọ́ọ̀sì ni o, amúlétutù ni o. Kí ọmọ tó ní àdéhùn ìkọjá tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ, pàápàá bí yunifásítì tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́. Kí ẹni tí yunifásítì fi ẹ̀bùn tó pé gbà má lọ. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ kọ́ ni mo máa ń ṣe àníyàn fún jù, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń rán lọ síbẹ̀ láti “ronú”, òun náà ló sì rọrùn jù láti sọnù níbẹ̀. Bó bá máa lọ, kó lọ síbi tó ní alámọ̀ràn gidi, kó gba ẹ̀kọ́ tó kún sẹ́mẹ́sítà, kó sì yan ẹ̀ka kan kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ mú orúkọ yunifásítì tí ọmọ fẹ́ parí sí àti ẹ̀ka tó fẹ́ kọ́ níbẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ pe ọ́fíìsì tó ń gba àwọn tó ń kọjá wọlé ní yunifásítì náà. Kó ní kí wọ́n fi ìwé àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kà kún ẹ̀ka yẹn ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ gbé bébà náà lọ bá alámọ̀ràn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò lọ́jọ́ tí ọmọ máa yan ẹ̀kọ́ sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún gbé e lọ ní sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, torí pé àwọn yunifásítì máa ń yí ohun tí wọ́n ń gbà padà.